Ọwọ́ Mi Kò Kúrò Lórí Bọ́tìnì

Orí bẹ́ǹṣì ìta wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin,
Ọsibítù, Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejì, ọdún 1978.

Olúdáre ọmọ mi, Àjàgbé,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú oorun Èkó tí kì í kún ojú, mo kí ọ kú ìnáwó. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti ìyàwó rẹ wà, ṣé ọmọ náà ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn àbí ó ṣì ń di ògiri mú? Ọlọ́run tí à ń ké pè ní Fìdítì kò ní jẹ́ kí ojú rẹ rí irú ohun tí ojú mi rí láti oṣù tó kọjá. Ṣe àmín sí èyí kí o tó kà á síwájú, nítorí bí o bá ka ìwé yìí tán, ó ṣeé ṣe kí o má fẹ́ ṣe àmín sí àdúrà ẹnu mi mọ́.

Wàá rí i pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́ Tíṣà Akínwálé tó máa ń bá mi kọ̀wé sí ọ. O mọ̀ pé kíláàsì kejì ni mo ti kúrò níléèwé, nítorí náà bí o bá rí lẹ́tà tó dùbúlẹ̀ tàbí èyí tó kọ ẹ̀yìn sí ọ, bá mi gbé e dìde. Tíṣà ló tẹ wáyà sí ọ pé ejò bu ìyá rẹ jẹ ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń mókun. Èmi ni mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù kò ṣeé gba ẹnu ẹlòmíràn sọ, mo sì mọ̀ pé bí Tíṣà bá gbọ́ ọ tán kò ní lè wo ojú mi ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Ewúrẹ́ dúdú tí o fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá bí méjì, ọ̀kan kú, ọ̀kan yè, èyí tó yè kì í rí ọmú mu dáadáa nítorí ìyá rẹ̀ ya òǹrorò. Ọyẹ́ ọdún yìí mú ju ti èṣí lọ, ó la ètè wa, ó la ilẹ̀kùn pálọ̀ pàápàá. Ọsàn so débi pé ẹ̀ka ń fà ya. Òrùlé ilé ìdáná ti fẹ́ máa fì sí apá kan, mo ní n óò tì í. Mo mọ̀ pé ewúrẹ́ kọ́ lo fẹ́ gbọ́. Mo kàn ń yí ọ̀rọ̀ ká ni, bí adìẹ tí kò mọ ibi tí yóò yé ẹyin rẹ̀ sí.

O rántí wáyálẹ́ẹ̀sì mẹ́ta tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́sàn wa rà ní oṣù Kẹwàá, tí mo kọ̀wé bi ọ́ léèrè nípa wọn nítorí ìwọ náà ń fi irú rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀ ní Apápá. Ọ̀kan wà ní Ìlọrà níbi tí lọ́rì ẹgbẹ́ máa ń sùn, Mùsílíù dẹ́rẹ́bà ló ń tẹ́tí sí i. Ọ̀kan wà ní Ìmínì lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń kó ọsàn jọ sí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fàòsíyà ló ń jókòó tì í. Ẹ̀kẹta wà ní pálọ̀ mi ní Fìdítì, nítorí èmi ni igbákejì alága. Lọ́rì kan ṣoṣo la ní. Ẹni tí ọsàn rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀ ni yóò ké sí Mùsílíù pé kó máa gbé lọ́rì bọ̀ kí ọsàn tó rà.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni gbogbo wa mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí ń gba èsì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Mo ní kí ìyá rẹ bá mi rán aṣọ tí a ó máa fi bò ó nítorí eruku. Mo máa ń ṣí fìlà kí n tó tẹ bọ́tìnì rẹ̀, nítorí n kò mọ ẹni tó lè wà lọ́hùn-ún. Òpó irin tí wọ́n rì sí ẹ̀yìnkùlé, gbogbo ẹyẹ tó bá bà lé e ni mo ń sọ lókò, kí wọ́n má baà máa ṣa ọ̀rọ̀ mi jẹ kó tó dé Ìlọrà. Ọkùnrin tó wá gbé e kalẹ̀ láti Ìbàdàn ní bí mo bá sọ̀rọ̀ tán kí n sọ pé ófà, kí n wá gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì kí n lè gbọ́ èsì. Mo ní èmi kì í ṣe ará Ọ̀fà, bàbá mi kì í ṣe ará Ọ̀fà, kí ló dé tí n óò máa fi orúkọ ìlú onílùú parí ọ̀rọ̀ mi? Nítorí náà, bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, Fìdítì ni mo máa ń sọ. Mùsílíù kì í sì í mọ ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, torí orúkọ Fìdítì kì í wọ́n lẹ́nu mi.

Ohun tó rú mi lójú jù ni pé ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, bí ọ̀nà oko tí kò gba ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan. Mo bi ọkùnrin náà pé ta ni olórí ọ̀nà yìí, ta ni yóò máa sọ pé ìwọ ló kàn, ìwọ ṣì dúró. Ó ní kò sí olórí. Mo ní kí ó fi mí ṣe é, mo ti dàgbà tó o. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá, bí ẹ bá fi ẹnì kan ṣe olórí, ọjọ́ tí bátìrì olórí bá kú, gbogbo yín di odi nìyẹn. Ó ní kí oníkálukú máa kó ara rẹ̀ ní ìjánu. Kí ènìyàn kọ́kọ́ tẹ́tí, bó bá gbọ́ ohùn ẹlòmíràn kó dákẹ́, bí ojú ọ̀nà bá dá kó sọ tirẹ̀ ní ṣókí kó sì yà kúrò. Ó ní bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì á forí gbárí, ariwo lásán ni ẹni tó ń gbọ́ á gbọ́.

Ó ní bí a bá ti pè tí a kò gbọ́ èsì, ká mọ̀ pé ó ti forí gbárí nìyẹn, ká má ṣe tún un pè lójú ẹsẹ̀. Ó fún wa ní igbá àgbàdo kọ̀ọ̀kan. Ó ní ká ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò ó, ká bu díẹ̀, ká máa kà á ní hóró kọ̀ọ̀kan, bí a bá kà á tán ká tún pè. Bó bá tún forí gbárí, ká bu ìlọ́po méjì. Mo ní kí ló dé tí kò lè jẹ́ kí gbogbo wa máa ka mẹ́wàá mẹ́wàá kí ó yé wa. Ó ní bí ẹ̀yin méjì bá jọ ka mẹ́wàá, ẹ ó jọ dìde ni, ẹ ó tún forí gbárí, bí ẹni méjì tó pàdé ní ọ̀nà tóóró, tí wọ́n jọ yà sí ọ̀tún, tí wọ́n tún jọ yà sí òsì. Ó wá na ọwọ́ sí òkè tó wà láàrin àwa àti Ìmínì. Ó ní òkè yẹn kò ní jẹ́ kí Fìdítì gbọ́ Ìmínì, kò sì ní jẹ́ kí Ìmínì gbọ́ Fìdítì, ṣùgbọ́n Ìlọrà ń gbọ́ àwọn méjèèjì. Ó ní bàbá, bí etí tiyín bá dákẹ́, ẹ má rò pé etí Mùsílíù náà dákẹ́ o. Mo ní mo ti gbọ́.

N kò gbọ́. Nínú ọkàn mi mo ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbogbo wa la jọ ń la ohùn sókè gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan náà, Ọlọ́run sì ń gbọ́ ti oníkálukú, kí ló wá ṣe Mùsílíù tí kò lè gbọ́ ti ẹni méjì péré? Ìwọ náà dá mi lóhùn láti Apápá pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni, pé ẹ̀yin náà ń dúró de ara yín, pé ọ̀gá pátápátá ń dúró de ọmọ iṣẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ bá ti wà lójú ọ̀nà. Tíṣà kà á fún mi, mo rẹ́rìn-ín, mo ní Èkó ti ba ọmọ yìí jẹ́. Kí àgbà máa ka àgbàdo kí ó tó sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ ara rẹ̀? Mo da igbá náà fún àwọn adìẹ.

Ọjọ́ náà jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìn-ín-ní. Ìyá rẹ ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó bá ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà Ìmínì lọ, ó fẹ́ lọ hú ẹ̀gẹ́ tí yóò fi ṣe gàrí lóko Àbọ̀dé àbúrò rẹ̀. Kó tó lọ, ó ní iṣu wà nínú ìkòkò, ọbẹ̀ wà lórí ààrò, kí n má jẹ́ kí ebi pa mí kú nítorí mo ti rí ẹ̀rọ mi. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní kó lọ kó bọ̀.

Ọsàn mi ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, àwọn oníbàárà ń retí rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì ti ń rọ̀. Nǹkan bí agogo mẹ́jọ ni mo ṣí fìlà tí mo tẹ bọ́tìnì. Mo kí Mùsílíù, mo kí àwọn ìyàwó rẹ̀, mo béèrè ọmọ, mo sọ̀rọ̀ nípa ọyẹ́, nítorí ènìyàn kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Lẹ́yìn náà ni mo wá dé orí ọsàn. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, mo gbọ́ ohùn Mùsílíù tó ń sọ pé kò yé òun, ariwo ni, ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀ pọ̀, ó bẹ̀ wá kí ẹnì kan fún ẹnì kejì láyè. Mo tẹ́tí, n kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni ní tèmi. Mo ní ta ni ẹnì kejì? Mo mọ̀ pé kò lè ju ọmọbìnrin Ìmínì lọ. Mo ní ó fẹ́ fi ọsàn tiwọn ṣáájú tèmi, ọmọ tí mo lè bí. Mo tún tẹ̀ ẹ́, n kò sì jẹ́ kí ọwọ́ mi kúrò lórí rẹ̀ mọ́.

Mo ní ẹni tó bá rẹ̀ ni yóò dákẹ́. Mo tún ọ̀rọ̀ ọsàn sọ, mo tún un sọ, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọsàn tán mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn bí a ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ àti ẹni tó kọ́kọ́ gbin ọsàn ní àdúgbò wa. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún ro mí, mo fi òsì pààrọ̀ rẹ̀. N óò sọ òtítọ́ fún ọ, Olúdáre, ó dùn mọ́ mi. Láti ọjọ́ tí a ti bí mi n kò tíì sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má já a gbà lẹ́nu mi.

Agogo mọ́kànlá kò tíì lù tán tí mo gbọ́ ariwo lọ́rì níta. Mùsílíù ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun fetí kó díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi, ìyẹn lòun fi wá. Ó wá ní bàbá, ohùn obìnrin kan wà lábẹ́ ohùn yín láti àárọ̀, ó ń wọlé, ó ń jáde, ó jọ pé ó ń sunkún, n kò gbọ́ ohun tó ń wí, ṣé kí n má kọ́kọ́ yà wo Ìmínì ná? Mo ní ìwọ náà, o kò mọ ẹkún obìnrin tí ọsàn rẹ̀ fẹ́ rà ni? Mo ní kó di ẹrù mi. Ó ní bí ẹ bá ti wí, bàbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Èmi wọlé, mo jẹ iṣu. Iṣu náà rọ̀ dáadáa. Nígbà tí lọ́rì lọ sí Ìbàdàn tán, mo sùn.

Ìrọ̀lẹ́ ni Àbọ̀dé gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà mi. Gbogbo ara rẹ̀ funfun fún eruku. Ó ní paramọ́lẹ̀ bu ìyá rẹ jẹ ní ọrùn ẹsẹ̀ láàárọ̀, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ní ọsibítù ní Ọ̀yọ́ ni, kí n máa kálọ. N kò tíì so ó pọ̀ nígbà yẹn. Ọlọ́run ló mọ̀ pé n kò tíì so ó pọ̀. Mo kàn ń sáré wá bàtà ni.

A kò rí mọ́tò lálẹ́ náà. Nígbà tí mo dé ibí lọ́jọ́ kejì, Fàòsíyà ni mo bá lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, n kò rí i rí kó tó di ọjọ́ náà. Bó ṣe rí mi ló kúnlẹ̀. Ó ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ó ní agogo mẹ́jọ ni wọ́n gbé màmá wá sábẹ́ àtíbàbà. Àbọ̀dé ti gbé kẹ̀kẹ́ síta, òun ló sọ fún un pé kí ó má gbé e sórí kẹ̀kẹ́, yóò máa gbọ̀n ọ́n, oró á tètè gòkè, ṣebí lọ́rì ń bẹ ní Ìlọrà, òun á pè é báyìí báyìí. Òun pè, kò sí èsì. Òun bu àgbàdo, òun kà á, òun tún pè. Òun gbọ́ tí Mùsílíù ní ẹni méjì ń sọ̀rọ̀ pọ̀, kí ẹnì kan fún ẹnì kejì láyè, òun sì fún un láyè. Òun bu ìlọ́po méjì, òun tún pè, òun tún bu ìlọ́po rẹ̀, títí àgbàdo kò fi gba ọwọ́ òun mọ́ tí òun ń dà á sórí ẹní. Ó ní màmá ló ń bá òun kà á. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí odó, òógùn bo ojú rẹ̀, ó sì ń kà á, bí òun bá ṣì í kà, màmá á ní rárá, mọ́kànlélógójì la dé.

Ó ní lẹ́yìn náà wọn kò gbọ́ ohùn Mùsílíù pàápàá mọ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí agogo kan lù, Àbọ̀dé bínú gbé ìyá rẹ sórí kẹ̀kẹ́, ó fi ìró rẹ̀ so ó mọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn, ó wà á dé títì, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí mọ́tò tó gbé wọn dé Ọ̀yọ́. Ká ní wáyálẹ́ẹ̀sì kankan kò sí ní Ìmínì, agogo mẹ́sàn-án kì bá tíì kọjá tí ìyá rẹ ìbá fi wà lọ́wọ́ dókítà. Fàòsíyà ní bàbá, ó jọ pé n kò ka àgbàdo náà bó ṣe yẹ. Ó ń sunkún. Nígbà náà ni mo so ó pọ̀. Ṣé o mọ ohun tí mo sọ? Mo ní kó dìde, mo ní mo ti dárí jì í.

Ọjọ́ kẹrin ni dókítà ní ẹsẹ̀ náà ti kú dé abẹ́ orúnkún, àfi kí wọ́n gé e kí ìyókù ara lè yè. Nọ́ọ̀sì kan gbé fọ́ọ̀mù wá, ó ń bi mí, ó ń kọ ọ́. Ó ní kí ló fa àìsàn yìí? Mo ní kó kọ orúkọ mi, Ọ̀pádọ̀tun. Ó rò pé orúkọ ọkọ ni mò ń pè, ó kọ ọ́ sí ìlà tó wà nísàlẹ̀. Mo ní rárá o, ìlà òkè ni. Ó wò mí, ó ní bàbá, ejò la ń kọ síbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ méjèèjì. Ó ní àyè kò gbà á, ó fa bírò fún mi pé kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ìyá rẹ ní ọjọ́ Ajé, ẹsẹ̀ òsì. Mo béèrè ibi tí wọ́n gbé e sí, wọn kò dá mi lóhùn.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó sọ fún un. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́, mo sì ń bẹ̀rù pé Mùsílíù á dé láti Ìlọrà kó sọ ọ́ níwájú mi. Mo jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí àyè ṣí sí báyìí, mo ní Àwẹ̀ní, èmi ni. Mo sọ ọ́ láti orí dé ìdí, mo sọ ti bọ́tìnì, mo sọ ti lọ́rì, mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ẹkún. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní òun mọ̀.

Ó ní nígbà tí Mùsílíù ń sọ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ wọn tí kò fẹ́ dákẹ́, Fàòsíyà béèrè pé ta ló lè jẹ́, òun sì dá a lóhùn pé bàbá Dáre ni, pé kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo ilẹ̀ yìí tó lè sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìmí. Ó ní òun ní kó máa ka àgbàdo rẹ̀ lọ, ebi á tó pa bàbá Dáre, iṣu wà nínú ìkòkò, bó bá ti lọ jẹun àyè á ṣí. Ó ní òun ń wo oòrùn. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, òun ní ó ti ń jẹun báyìí, tètè pè wọ́n. Fàòsíyà pè, ó pè, kò sí ẹni tó dáhùn. Ibi tí ó ti sọ èyí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nítorí bó ṣe rò ó gan-an ló rí, mò ń jẹun, lọ́rì tí wọ́n ń pè sì wà níwájú ilé mi, Mùsílíù ń ju ọsàn sínú rẹ̀.

Nítorí náà Fàòsíyà ti mọ̀ láti ọjọ́ tó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ṣe ló ń ṣílẹ̀kùn fún mi kí n lè sọ tèmi, èmi sì kọjá lára rẹ̀, mo ní mo dárí jì í.

Ìyá rẹ kò pariwo, kò ṣépè. Ó ní kí n jáde. Ó ní bí òun bá fẹ́ rí mi, òun á ránṣẹ́ pè mí. Ó di ọjọ́ mọ́kànlá lónìí. Àárọ̀ ni mo ń ra ẹ̀kọ fún un, Fàòsíyà ló ń gbé e wọlé. Fàòsíyà kò tíì padà sí Ìmínì, ó ń fọ aṣọ ìyá rẹ, ó ń gbé e lọ sí ilé ìgbẹ́, nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ tí àwọn méjèèjì jọ ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá wúkọ́, ẹ̀rín náà á dúró, mo ti yé wúkọ́. Mo ti gbé wáyálẹ́ẹ̀sì lọ fún alága, mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́, mo ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, pé kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe. Mùsílíù wà níbẹ̀. Ó kí mi bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù.

Olúdáre, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rè é. Wá. Má ṣe wá nítorí tèmi, wá jókòó ti ìyá rẹ. Owó tí wọ́n pa lórí ọsàn mi ni mo fi san owó ọsibítù, ó sì ti tán, n kò fẹ́ kí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ kù sí mi lọ́wọ́. Dókítà ní yóò nílò ọ̀pá abíyá méjì tí yóò máa fi rìn, ó ní èyí tó ní rọ́bà nísàlẹ̀ ló dára, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń tà á. Gbẹ́nàgbẹ́nà wa lè kàn án ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò ní rọ́bà, yóò máa yọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Fi owó ọ̀pá náà ránṣẹ́, tàbí kí o rà á bọ̀ bí o bá ń bọ̀. Fi díẹ̀ kún un fún Fàòsíyà, kó fi ra aṣọ, ìró kan ṣoṣo tó gbé wá ló ń fọ̀ tó ń wọ̀. Èmi kò fẹ́ nǹkan. Bí o bá bínú sí mi, bínú, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìbínú náà dá ọ dúró sí Èkó.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní pa ọ́ lẹ́kún. Ìyàwó rẹ kò ní ké pè ọ́ kí o má gbọ́. Ọmọ rẹ á fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn dé ọjọ́ ogbó. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Ọ̀pádọ̀tun.

Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa kí nọ́ọ̀sì tó yọjú sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, tó ní màmá ń pe ènìyàn o. Mo dìde, mo ti ṣí fìlà. Ó ní bàbá, ẹ jókòó, Fàòsíyà ni wọ́n ń pè. Fàòsíyà kò sì sí nítòsí, ó wà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń sá aṣọ, kò gbọ́. Mo lọ bá a níbẹ̀, mo ní wọ́n ń pè ọ́ nínú ilé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó kí mi, ó wọlé tọ ìyá rẹ lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.